Láísẹ́ǹsì tó ti kú, ọkọ̀ tó ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn: èwo lẹ lè ṣe láti ilé, èwo lẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín lọ fún?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi ti kú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó nílùú níbí, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣì wà lára gbogbo ìwé ọkọ̀ náà, àwọn ìwé yẹn fúnra wọn ò sì ní pẹ́ parí. Éjẹ́ǹtì kan ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé gbogbo nǹkan ti di orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n fi NIN, fọ́tò àti ìbuwọ́lùwé mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun á gbé gbogbo rẹ̀ wá bá mi níbi iṣẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni mi ò ní láti lọ síbì kankan? Ṣé mo sì lè máa wakọ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Rárá, kì í ṣe òótọ́. Díẹ̀ nínú ohun tí éjẹ́ǹtì yẹn kà sílẹ̀ ṣeé ṣe láti ilé, díẹ̀ ò ṣeé ṣe rárá lọ́nà tó bófin mu, èyí tí ò sì ṣeé ṣe yẹn gan-an ló máa padà wá dá yín lágara.

Ohun tí ẹ máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àti owó, orí fóònù lẹ ti lè ṣe é: fọ́ọ̀mù kíkún, owó sísan, yíyẹ ìwé wò bóyá ojúlówó ni. Ohunkóhun tó bá kan ara yín, ìyẹn ojú yín, ìka yín, ọwọ́ tí ẹ fi ń yí sítíà, tàbí tó kan ara ọkọ̀, bíi ṣáásí, bíréèkì, táyà àti iná, ẹ̀yin tàbí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò tún wà níbẹ̀: ohun tí ẹ bá tẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni òṣìṣẹ́ tó wà ní káńtà máa bá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì ní agbára láti yí i padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ìkánjú kún fọ́ọ̀mù nílé fi máa ń lo odindi ọjọ́ lórí ìlà, tí wọ́n á sì tún ní kó padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú láísẹ́ǹsì ṣáájú, torí òun ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọwọ́ ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta ni láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Nàìjíríà ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety. Èkejì ni àwọn VIO ti ìpínlẹ̀, àwọn tó ń dán awakọ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀. Ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé ni ibùdó tí wọ́n ń pè ní DLC, Driver's Licence Centre, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ya fọ́tò yín, tí wọ́n ti ń gba àmì ìka yín àti ìbuwọ́lùwé yín. Ìyẹn ni àwọn èèyàn ń pè ní "capture". Kò sí bí ẹ ṣe lè fi WhatsApp ṣe é.

Kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù kankan, ẹ gbé ìwé NIN yín àti láísẹ́ǹsì àtijọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà. Ṣé "Oluwaseun" ni NIN kọ, tí láísẹ́ǹsì sì kọ "Seun"? Ṣé "Adeshina" ni ọ̀kan, "Adesina" ni èkejì? Obìnrin tó ti lọ́kọ máa ń bá a pé orúkọ ọkọ òun ló wà ní báńkì àti lórí láísẹ́ǹsì, nígbà tí NIN ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Ọjọ́ kìíní oṣù kejì máa ń yí padà di ọjọ́ kejì oṣù kìíní nítorí ẹni tó kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Tí àwọn méjèèjì ò bá bára mu, NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀ fún NIN. Àtúnṣe orúkọ ṣeé ṣe lórí ìkànnì NIMC fúnra rẹ̀. Ti ọjọ́ ìbí le jù, owó rẹ̀ ga jù, wọ́n á sì béèrè ẹ̀rí. Ó máa ń dun èèyàn láti dúró, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sí DLC pẹ̀lú orúkọ tó ta kora á kàn lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti sanwó ni.

Ẹ tún rí i pé nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi ṣe NIN ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tí síìmù yẹn bá ti sọnù, kóòdù tí wọ́n fi máa ń jẹ́rìí ẹni ò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ frsc.gov.ng, kí ẹ sì ti ibẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà tó lọ sí ìkànnì láísẹ́ǹsì. Ẹ má ti inú líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ wọlé, ẹ má sì tẹ ìpolówó tó máa ń wà lókè pátápátá tí ẹ bá wá nǹkan lórí Google. Àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tó bójú mu kì í fi gbogbo ìgbà parí sí .gov.ng, nítorí náà ìparí àdírẹ́sì nìkan ò tó láti fi dá ayédèrú mọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ló ṣe pàtàkì.

Ọ̀nà mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀. "New" wà fún ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì rí. "Renewal" wà fún ẹni tí tirẹ̀ ti parí, èyí sì ni tiyín. "Re-issue" wà fún ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, tó bàjẹ́, tàbí tó fẹ́ yí orúkọ padà. Ẹ má ṣe yan "New" torí pé ẹ rò pé láísẹ́ǹsì tó ti kú ti di òfo. Tí ẹ bá yan án, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì tún lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ VIO bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò.

Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àtijọ́ àti ọjọ́ ìbí yín ni ọ̀nà "Renewal" máa béèrè. Ibí yìí ni òtítọ́ ti máa ń jáde. Tí ìkànnì bá sọ pé òun ò rí nọ́ńbà náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lẹ́tà O lẹ tẹ̀ dípò òdo, tàbí I dípò ení. Ẹ tún dán ọjọ́ ìbí wò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára káàdì, kódà bó bá yàtọ̀ sí ti NIN. Tí kò bá ṣì rí i, tí DLC náà sì wò ó tí wọn ò rí i, a jẹ́ pé káàdì yẹn ò wọnú ìwé ìjọba rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ayédèrú láísẹ́ǹsì wakọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀, torí ẹni tó bá wọn ṣe é kò mú wọn lọ síbi capture kankan. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí ò ní nǹkan kan láti sọ dọ̀tun. Kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti "New". Ó nira, ṣùgbọ́n ó sàn ju kó tún ra ayédèrú mìíràn lọ.

Nínú fọ́ọ̀mù náà, àwọn ibì kan wà tí àwọn èèyàn ń sáré kọjá, tí kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Oríṣi láísẹ́ǹsì ni àkọ́kọ́. B ni ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe ọkọ̀ akérò. A ni ti alùpùpù. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò gba owó nílò C, G sì ni ti ọkọ̀ àjàgbé tó ń fa tírélà. J wà fún awakọ̀ tó ní ìpèníjà ara. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní B lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ VIO kọjá kí ó lọ wakọ̀ níwájú wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lórí fóònù.

Èkejì ni oríṣi ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń hàn lára káàdì, ẹ má sì ṣe méfò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ara káàdì yẹn ni ẹni tó wá ṣèrànwọ́ lè wò. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ò pẹ́ nílé ìwòsàn, ẹ lọ ṣe é bí ẹ ò bá mọ tiyín. Bákan náà ni nọ́ńbà fóònù ìbátan tí wọ́n máa pè: ẹ kọ ti ẹni tó máa ń gbé ìpè.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ń fa ìrìn-àjò òfo jù lọ, ni DLC tí ẹ máa yàn. Ibi tí ẹ bá yàn ni fáìlì yín máa lọ, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa padà gba káàdì. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀tà tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà gbọ́dọ̀ ronú sí i dáadáa kó tó tẹ ìpínlẹ̀ tó fẹ́. Ẹ yan ibi tí ẹ lè padà sí ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ibi tí àwọn èèyàn ní ó máa ń yá.

Wọ́n á bi yín bóyá ọdún mẹ́ta lẹ fẹ́ tàbí márùn-ún. Ọdún márùn-ún ni mo máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn láti mú tí owó bá wà lọ́wọ́, torí kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù ló ń náni jù, ọjọ́ iṣẹ́ tí èèyàn fi sílẹ̀ lọ fún capture ni.

Ní ti owó sísan: iye tí ìkànnì bá gbé síwájú yín ni iye rẹ̀. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó, tí rìsíìtì ò sì jáde, ẹ má sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ nọ́ńbà ìtọ́kasí owó náà sílẹ̀ (bó bá jẹ́ ìkànnì ìsanwó Remita lẹ gbà san án, nọ́ńbà RRR oní-ẹyọ méjìlá ni), ẹ padà sórí ìkànnì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín wò ó bóyá owó ti wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti wọlé. Ẹni tó san án lẹ́ẹ̀mejì á máa sáré gba owó padà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù àti rìsíìtì jáde sórí bébà, torí àwòrán inú fóònù kì í tó ní gbogbo ibùdó.

Ní ọjọ́ capture, ẹ mú láísẹ́ǹsì àtijọ́, fọ́ọ̀mù, rìsíìtì àti ìwé NIN dání. Ìka ọwọ́ ló máa ń dá àwọn èèyàn dúró jù. Ọwọ́ bíríkìlà, àgbẹ̀, aláṣọ aró àti ẹni tó ń fi kẹ́míkà fọ nǹkan máa ń yọ̀, ẹ̀rọ kì í sì rí ìlà ìka wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ẹ fi ọṣẹ rírọ̀ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà, torí òróró lórí ìka náà máa ń da ẹ̀rọ láàmú. Làálì àti èékánná àlẹ̀mọ́ gígùn jẹ́ ìdènà pẹ̀lú. Ẹ bọ́ fìlà àti dígí ojú fún fọ́tò.

Kí òṣìṣẹ́ náà tó tẹ ohun tó máa fi pa fáìlì dé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín. Ẹ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí, oríṣi ẹ̀jẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Ìṣẹ́jú kan ni. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lójú ẹsẹ̀ lè ṣeé gbé padà kíá. Èyí tí ẹ bá rí lára káàdì tó ti jáde, "Re-issue" ló kù, owó míì nìyẹn. Tí káàdì gan-an ò bá jáde lọ́jọ́ náà, ìwé ìgbà díẹ̀ ni wọn yóò fún yín. Ọjọ́ tí ìwé yẹn máa parí wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbi tí ojú yín á máa rí i.

Ẹ lè béèrè pé báwo wá ni éjẹ́ǹtì ṣe ń mú láísẹ́ǹsì wá fún ẹni tí kò kúrò nílé. Yálà kó tẹ káàdì tó jọ ojúlówó, tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ FRSC, tàbí kó lo ìka ẹlòmíràn fún fáìlì yín. Èkejì yìí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí fọ́tò àti NIN yín máa wà lórí àmì ìka ẹni tí ẹ ò mọ̀. Lójú pópó, òṣìṣẹ́ tó bá fi ẹ̀rọ yẹ káàdì wò máa mọ ayédèrú. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ní báńkì àti níbi ìwé ìrìnnà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe gbogbo éjẹ́ǹtì ni ọ̀bàyéjẹ́. Ẹni tó ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù ní káfé, tó ń bá èèyàn gba ìwé ọkọ̀ tó ti jáde, tó ń wa ọkọ̀ yín lọ sí ibi àyẹ̀wò, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ lè gbé lé e lọ́wọ́. Kóòdù tó bá wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún un. Dípò nọ́ńbà NIN yín oní-ẹyọ mọ́kànlá, ẹ béèrè bóyá NIN ìgbà díẹ̀ tí NIMC ń pèsè, vNIN, máa tó: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, wákàtí 72 péré ló sì ń lò. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà ìwé lẹ máa fún un, ẹ fi bírò kọ ohun tí ẹ fún un fún àti ọjọ́ rẹ̀ gba àárín ìwé náà kọjá. Ìbuwọ́lùwé yín lórí bébà funfun tí kò sí nǹkan míì níbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láé.

Ó kan ọkọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni pé èèyàn á sáré sọ ìwé dọ̀tun lórúkọ ẹni tó tà á fún un, torí ìyẹn yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á wá fi ìyípadà orúkọ sílẹ̀ "títí di ìgbà tí àyè bá yọ". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Bí kò bá yí, ẹni tó ta ọkọ̀ ni ìjọba mọ̀. Ìwé ìtanràn kámẹ́rà máa lọ sórí fóònù rẹ̀, ìnṣúránsì tí ẹ bá rà lè di àríyànjiyàn lọ́jọ́ jàǹbá, bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹni náà kú tàbí tó kọjá sí òkè òkun, ìdààmú ìwé rẹ̀ á di ìlọ́po.

Ìyípadà orúkọ kì í ṣe iṣẹ́ orí fóònù nìkan, torí wọ́n gbọ́dọ̀ rí ìwé gidi, kí wọ́n sì fi ojú rí nọ́ńbà ṣáásí, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tẹ̀ sára rẹ̀. Ní Èkó, ọ̀dọ̀ MVAA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀, lẹ máa lọ. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ béèrè ibi tí ilé iṣẹ́ owó orí ti ń ṣe ìwé ọkọ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe nílé. Lórí NVIS, ìkànnì FRSC tí wọ́n fi ń yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀ (bíi KJA fún Ìkẹjà), nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Ẹ wò ó bóyá irú ọkọ̀ àti àwọ̀ tó gbé jáde bá ti èyí tó wà níwájú yín mu. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ míì láìsọ fún ìjọba máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níhìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sídìí ọkọ̀ gan-an. Nọ́ńbà ṣáásí tó péye jẹ́ ẹyọ mẹ́tàdínlógún. Ẹ máa rí i lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, láti ìta gíláàsì iwájú, ẹ sì tún máa rí i níbi òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí i. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣáásí rárá. Tí ìwé kan bá kọ O síbẹ̀, òdo ni, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í, kọ̀ǹpútà á sì ka ọkọ̀ yín sí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fi ti dáṣíbọ́ọ̀dù wé ti ilẹ̀kùn, ẹ fi wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fi wé ti ìwé ọkọ̀. Bí ti dáṣíbọ́ọ̀dù àti ti ilẹ̀kùn bá yàtọ̀ síra wọn, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní àmì pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án, ẹ dúró níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé mọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á bá yín tún un ṣe nígbà tó ṣì ń gbé ìpè yín.

Lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ẹ gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí oní-nǹkan tí wọ́n ń pè ní Proof of Ownership, ìwé láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá jẹ́ tọ́kùnbọ̀, àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn tó ní orúkọ yín méjèèjì, iye owó, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásí, ẹlẹ́rìí, ọjọ́ àti aago tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Aago yẹn ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ náà bá ti lu òfin láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ rà á nírọ̀lẹ́, òun ló máa yà yín sọ́tọ̀. Ẹ mú NIN àti nọ́ńbà owó orí yín, TIN, dání. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Ọ̀rọ̀ tó lè gba ọ̀sẹ̀ nítorí pé òṣìṣẹ́ ń ṣiyèméjì máa ń parí kíá tí ẹni tó ni ọkọ̀ lánàá àti ẹni tó ni ín lónìí bá jọ dúró níwájú rẹ̀.

Ìnṣúránsì ló kàn, gbogbo rẹ̀ sì ṣeé ṣe láti ilé. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni owó ìnṣúránsì ẹni-kẹta fún ọkọ̀ àdáni lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bà jẹ́. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ní owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ létí títì, bébà lásán ló ń tà. Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń béèrè rẹ̀ lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ rà á tààrà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ adójútòfò, lórúkọ yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ ìnṣúránsì ọkọ̀ tó wà lórí askniid.org tàbí kí ẹ tẹ *565*11#. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò tíì hàn níbẹ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà. Ìwé tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn ò ní wúlò fún yín bó ti wù kó dán tó.

Ìwé ìyẹ́lójúpópó, tí wọ́n ń pè ní roadworthiness, pín sí méjì. Owó rẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ lè ṣètò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí ìpínlẹ̀ bá ti fàyè gbà á. Ọkọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ lọ. Ní Èkó, àwọn ibùdó tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń wọn bíréèkì, tó ń wo ibi tí iná iwájú ń tàn sí, tó sì ń wọn èéfín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni fún ọkọ̀ àdáni, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni fún ọkọ̀ akérò. Ohun kéékèèké ló ń mú kí ọkọ̀ kùnà: iná bíréèkì tí gílóòbù rẹ̀ ti jó, wáípà tó ti gbó, bẹ́líìtì ìjókòó tí kì í fà mọ́, gíláàsì iwájú tó sán níwájú awakọ̀. Ẹ wo táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2322 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2022. Ìlà ojú táyà tí wọ́n kó wọlé ní àlòkù lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa, kí táyà náà sì ti gbó kọjá ohun tó ṣeé lò.

Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ àti Proof of Ownership tí ẹ ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, tí orúkọ bá ti yí. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wò ó pé orúkọ yín ló jáde, ẹ sanwó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà sínú ọkọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú fóònù.

Nítorí náà, bí mo bá wà ní ipò yín, àárọ̀ ọ̀la ni mo máa fi NIN wé láísẹ́ǹsì, kí n kún "Renewal" lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá bára mu. Bí mo ṣe ń dúró de ọjọ́ DLC, mo máa yẹ nọ́ńbà ṣáásí wò, kí n sì bá ẹni tó ta ọkọ̀ dá ọjọ́ tí a máa jọ lọ yí orúkọ. Ìnṣúránsì, àyẹ̀wò ọkọ̀, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ á wá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe kí ẹ ṣe DLC àti ìyípadà orúkọ ní ọjọ́ iṣẹ́ kan náà nítorí pé ọ́fíìsì wọn súnmọ́ra, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n DLC ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, torí ibẹ̀ ni ìlà ti ń gùn jù.

Ní ti ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, bóyá ẹ lè máa wakọ̀ ní báyìí: ẹ má wakọ̀. Láísẹ́ǹsì tó ti kú kì í ṣe láísẹ́ǹsì, rìsíìtì owó fọ́ọ̀mù kì í sì ṣe láísẹ́ǹsì, bí éjẹ́ǹtì bá tilẹ̀ ní kí ẹ máa fi han àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé ìgbà díẹ̀ tí DLC bá fún yín lẹ́yìn capture ni ẹ lè fi wakọ̀, títí di ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí láísẹ́ǹsì tirẹ̀ ṣì wà láàyè bá yín wa ọkọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò.